Ara Ti Yá, Ta Ni Mo Wá Jẹ́?

Kí oòrùn tó yọ dé orí òrùlé, ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún lábẹ́ àtẹ̀gùn ọ̀kan nínú àwọn búlọ́ọ̀kù Jákàńdè Ẹ̀sítéètì, Ìsọlọ̀. Obìnrin tó jókòó sídìí rẹ̀ kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Ó fi tépù kọ́rùn, ó ki ṣọ́ọ̀kì bọ inú irun, ó sì ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ sí lé itan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Oògùn tó ń lò ló ń fà á.

Ìyàwó ilé kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó gbé ọ̀rá kan síwájú rẹ̀. Léèsì ni, ọ̀pá márùn-ún, èyí tó fẹ́ wọ̀ níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. "Àǹtí télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fún mi láyà bíi ti ọjọ́sí o." Wọ́n ná owó iṣẹ́ díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì bá tirẹ̀ lọ.

Aránṣọ náà ń wo ọ̀rá náà, kò tíì tú u. Ó ní: "Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé tó ya ni wọ́n ń gbé wá, pé kí n fi abẹ́rẹ́ mú un. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àǹkárá wá. Ta ló máa gbé léèsì fún wèrè gé?"

Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà nígbà tó ń sọ ọ́. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ló wà. Àwọn dókítà pe orúkọ àìsàn rẹ̀ ní schizophrenia. Oògùn ti pa àwọn ohùn tó ń gbọ́ lẹ́nu mọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wà láàárín yúnífọ́ọ̀mù tó ya àti léèsì ọ̀pá márùn-ún, kò sí dókítà tó lè kọ ọ́ sórí ìwé pé kí èèyàn lọ rà á ní kẹ́mísìtì.

Ilé tí ojú gbogbo èèyàn wà lára ẹni

Lateef Jákàńdè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù Kẹwàá 1979, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn sójà fi gbàjọba ní ìparí 1983. Láàárín ìgbà yẹn, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún mẹ̀kúnnù káàkiri Èkó, àwọn aráàlú sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ilé náà títí dòní. Ti Ìsọlọ̀ wà ní Òkè-Afá, lápá ibi tí èèyàn ti ń kọjá lọ sí Èjìgbò.

Ilé wọ̀nyí kò ṣeé fara pamọ́ sí. Àtẹ̀gùn kan náà ni ìdílé púpọ̀ ń gùn. Ẹni tó ń pọn omi, ẹni tó ń sá aṣọ, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń rí ara wọn. Lóru tí aránṣọ yẹn jáde síta láìró aṣọ, tó ń pariwo pé rédíò ará ìsàlẹ̀ ń ka orúkọ òun, kò sí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ọmọdé tó jí lóru ọjọ́ náà ti di géńdé báyìí, wọn kò sì gbàgbé.

Bí ẹsẹ̀ èèyàn bá kán, tó lọ sílé ìwòsàn tó bọ̀, àwọn aládùúgbò á wá kí i kú ewu. Wọ́n á gbé ọsàn wá, wọ́n á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, tó lọ sí ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ní Yábàá tó bọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́ fún un. Wọn kò fẹ́ ẹ ní ibi. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n lè sọ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kí kú ewu, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ewu ti kọjá?

Ará Òkè-Afá sì mọ ohun tí ìpayà lè fi ojú èèyàn rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí bú ní bárékè sójà ní Ìkẹjà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá dé etí kánáàlì Òkè-Afá, wọ́n sì kó sínú omi nínú òkùnkùn. Ẹ̀mí tó lọ lọ́jọ́ yẹn lé ní 1,000. Gbogbo ìlú ló bá àwọn ẹbí wọn ṣọ̀fọ̀, ohun ìrántí sì wà ní Òkè-Afá fún wọn. Ìpayà tó dé bá ẹnì kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀, tó gba ọdún márùn-ún nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ, kò ní ohun ìrántí, kò sì sí ẹni tó ń bá a ṣọ̀fọ̀ ọdún tó lọ.

Ohun tí àìsàn náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bíi 24 mílíọ̀nù èèyàn ló ń bá schizophrenia yí láyé, ìyẹn ẹnì kan nínú 300. Láti ìparí ìgbà ọ̀dọ́langba sí àárín ogún ọdún àti ọgbọ̀n ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni èèyàn ń yan iṣẹ́, tó ń wá ọkọ tàbí aya, tó ń di ẹnì kan láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń fà á kì í ṣe ẹyọ kan. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, wàhálà ayé lè ta á jí, igbó mímu láti kékeré sì ń mú kí ewu rẹ̀ pọ̀ sí i. Kì í ṣe bí àwọn fíìmù wa ṣe máa ń ṣe é, pé ẹni tó ń sá kiri títì pẹ̀lú àkísà lọ́rùn ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà níbi tí ojú kò tó.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, a mọ̀ pé èrò tó bá wá sí wa lọ́kàn, tiwa ni. A kì í béèrè ẹni tó ni ín. Ìmọ̀ yẹn ni àìsàn yìí ń bà jẹ́. Ẹlòmíràn á máa gbọ́ tí ẹnì kan ń ròyìn gbogbo ohun tó bá ń ṣe. Ẹlòmíràn á gbà pé ṣe ni wọ́n ń ti èrò bọ òun lórí, tàbí pé èrò òun ń jáde síta tí gbogbo ọjà ń gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ tí òun gbé sókè yìí, òun kọ́ ni òun gbé e.

Ọkùnrin oníṣẹ́ iná kan tó ń gbé nítòsí Jákàńdè Géètì sọ pé ohùn méjì ni òun máa ń gbọ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun láàárín ara wọn bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀. "Ó ti mú ṣíbí. Ó ti fẹ́ gbé e sẹ́nu." Ó di ìgbà kan, kò jẹun níṣojú èèyàn mọ́. Ó tún di ìgbà kan, kò jẹun rárá.

Oògùn tó ń dín irú nǹkan wọ̀nyí kù ti wà láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí chlorpromazine jáde. Lónìí, haloperidol wà, risperidone àti olanzapine wà, abẹ́rẹ́ tí èèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan náà wà. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn, oògùn máa ń pa àwọn ohùn náà lẹ́nu mọ́ tàbí kó mú wọn jìnnà. WHO ní ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta ló lè sàn pátápátá.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ní ìrora tirẹ̀. Oníṣẹ́ iná náà sọ ọ́ báyìí: "Ṣé ẹ mọ̀ pé ó dùn mí nígbà tí wọ́n dákẹ́? Nígbà tí ara mi kò yá, èmi ni gbogbo ayé ń ṣọ́. Ìjọba ń ṣọ́ mi, áńgẹ́lì ń ṣọ́ mi. Nígbà tí ara mi wá yá, mo rí i pé mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ń sùn ní pálọ̀ ìyá rẹ̀."

Ó ní láti tún ìrántí rẹ̀ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èwo ló ṣẹlẹ̀, èwo ni àìsàn dá? Ẹ̀gbọ́n tó fẹ̀sùn kàn pé ó fẹ́ fi májèlé pa òun, ọ̀rẹ́ tó fi òru lé jáde, ọmọbìnrin tí kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ara rẹ̀ pàápàá ti yí padà, nítorí àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí máa ń mú èèyàn sanra gan-an. Ṣòkòtò rẹ̀ àtijọ́ kò gbà á mọ́, ẹni tó ń wò ó láti inú dígí kò sì jọ ẹni tó mọ̀.

Òwe kan tí mo fẹ́ bá jà

Yorùbá ń pa á lówe pé wèrè kì í san tán kó má ku èyí tí wọ́n máa fi dẹ́rù ba ọmọdé. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo ti pa á rí, mi ò sì rò pé mo tún lè pa á mọ́.

Òwe yẹn ń sọ fún ẹni tó ti gbádùn pé ọ̀nà ti dí. Ohun yòówù kó ṣe, ó ku kiní kan. Bí ó bá rìn kíákíá, kiní ọ̀hún ni. Bí ó bá dákẹ́, òun náà ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwa Yorùbá fúnra wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Ènìyàn 2,040 ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nínú 100, ó lé ní 96 tó gbà pé eléwu ni ẹni tó bá ní àìsàn ọpọlọ. Nǹkan bí 83 nínú 100 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lásán. Nǹkan bí 17 péré nínú 100 ló ní àwọn lè ronú àtifẹ́ ẹ.

Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti la àìsàn náà kọjá, ohun tó dùn wọ́n jù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tàbí ti ìgbéyàwó ni wọn yóò sọ. Wọ́n sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn tún padà sí ni ìbínú.

Wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Bí ẹlòmíràn bá gbóhùn sókè nítorí owó iná tí wọ́n pín láìtọ́, wọ́n á ní ara ń kan án. Bí àwọn bá gbóhùn sókè, wọ́n á wo ara wọn lójú, ẹnì kan á sì rọra béèrè pé, "Ṣé o ti lo oògùn rẹ lónìí?" Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú fóònù, ìyá á yọjú wò wọ́n. Bí ooru kò bá jẹ́ kí wọ́n sùn, gbogbo ilé kò ní sùn.

Ní tèmi, ẹni tí a kò gbà láyè kó bínú kò tíì di èèyàn lójú wa. Aláìsàn tó gbọ́ràn ló ṣì jẹ́.

Láti etí odò dé abúlé Arò

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ̀wé ní 1964 nípa àwọn babaláwo àti oníṣègùn tó ń wo wèrè. Wọ́n ń lo asofẹ́yẹjẹ, igi tí ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí àwọn òyìnbó ti yọ oògùn reserpine. Wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn pẹ̀lú, wọ́n sì ń nà wọ́n, mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí ara aláìsàn bá yá, tí mi ò rí irú rẹ̀ nílé ìwòsàn kankan lónìí. Wọ́n á mú un lọ sétí odò. Wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, aṣọ ìgbà àìsàn á bá odò lọ, wọ́n á sì wọ òmíràn sí i lọ́rùn. Ẹni tó ya wèrè ti bá omi lọ, ẹlòmíràn ló ń padà bọ̀ wálé, àwọn ẹbí sì wà níbẹ̀ tí wọ́n rí i. Lónìí, káàdì ni wọ́n ń fún èèyàn ní ẹnu géètì, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò padà wá. Ọjọ́ tí aráyé gbà pé ó ti tán kò sí níbì kankan.

Ẹni tó gbìyànjú láti so ilé ìwòsàn pọ̀ mọ́ irú ọgbọ́n yìí ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ ìṣègùn àìsàn ọpọlọ lọ́nà ti òyìnbó. Ní 1954, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ Arò lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta, ó kó àwọn aláìsàn lọ máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó wà láyìíká. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sí abúlé láti dáná, láti lọ sóko, láti bá èèyàn jókòó. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Ayé gbọ́ nípa Arò, Lámbò sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO kó tó di olóògbé ní 2004.

Ìbàdàn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, WHO bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án láyé. Ìbàdàn wà nínú wọn, pẹ̀lú Agra ní Íńdíà, London, Moscow, Washington àti àwọn mìíràn. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra ṣe dáadáa ju ti ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Títí dòní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́ka sí ẹbí: ẹni tó sàn ṣì ní ibi tó ń padà sí, ó ní oko tó ń ro, ọmọ tó ń pè é ní bàbá wà nílé.

Ó yẹ kí inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n kí á má yára lu àyà. Ìwádìí 2005 tí mo mẹ́nu bà lókè wá láti àyíká Ìbàdàn yìí kan náà. Oko ti jìnnà, ẹbí ti fọ́nká, ìyá kan ṣoṣo ló kù tó ń tọ́jú ọmọ nínú yàrá méjì ní Ìsọlọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni

Ní 1992, Larry Davidson àti John Strauss ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ọpọlọ tó le. Wọ́n ní ìgbádùn kì í ṣe pé àmì àìsàn kásẹ̀ nílẹ̀ nìkan. Èèyàn á kọ́kọ́ fura pé apá kan wà nínú òun tí àìsàn kò jẹ. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á dán an wò níbi nǹkan kékeré, bí ó bá sì dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn tì í.

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún aránṣọ Jákàńdè, ó mi orí. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ fura, bọ́tìnnì ni. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ìyá òun já, òun sì gbé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán òun. Ó gba òun ní ọ̀pọ̀ àkókò kí okùn tó wọ ojú abẹ́rẹ́ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì mọ ọ̀nà. Orí mi ló gbàgbé, ọwọ́ mi kò gbàgbé."

Ti oníṣẹ́ iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì aládùúgbò kan ni. Ọkùnrin yẹn dúró tì í lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun, ó sì ṣe é tán. Nígbà tí wọ́n san owó, ó ní òun kò ná an fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí mo ṣe rí i, kò sí ohun tí ń tún èèyàn dá tó kí ẹnì kan nílò ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú kò lè ṣe é. Àwọn tí wọ́n ń kó oúnjẹ wá fún aránṣọ náà nígbà tó ń ṣàìsàn ṣe dáadáa, kò gbàgbé oore wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé yúnífọ́ọ̀mù tó ya wá, tó tún bínú pé kò tíì parí rẹ̀ lọ́jọ́ tó dá, oore ti onítọ̀hún yàtọ̀.

Orúkọ pẹ̀lú ní agbára. Ìyá aránṣọ náà rántí pé ní ìgbà tó le jù, ọmọ òun kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹlòmíràn ló ni orúkọ yẹn. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní oríkì ní àárọ̀ ní alẹ́, oríkì tí ìyá rẹ̀ àgbà fi ń pè é ní kékeré. Kò dáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò dáhùn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mà." Ìyá náà kò lè sọ ìyókù, ó fi ìborùn nu ojú.

Nọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún mi pé òun ti yí ìbéèrè òun padà. Tẹ́lẹ̀, bí aláìsàn bá wọlé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀. Báyìí, "Kí lẹ ṣe lánàá?" ni. Ó ní ẹni tó bá rí nǹkan sọ nípa àná, ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ kì í le.

Patricia Deegan, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ fún ní ọ̀dọ́langba pé schizophrenia ló ń ṣe é, tó padà di onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti ń kọ ọ́ láti bí ọdún púpọ̀ pé èèyàn kì í padà sí ẹni tó jẹ́ kí àìsàn tó dé. Ẹlòmíràn ni yóò dà, tí yóò gba àìsàn náà mọ́ra gẹ́gẹ́ bí apá kan ìtàn rẹ̀. Èyí le fún ọ̀pọ̀ ìyá láti gbọ́, nítorí ọmọ tó lọ ni wọ́n ń retí.

Gbígbà yẹn pàápàá lẹ́gùn-ún. Ní 2007, Paul Lysaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tó gbà pé òun ní àìsàn náà, tó sì tún gba èébú ayé gbọ́ mọ́ ọn, ìrètí rẹ̀ máa ń kéré sí ti àwọn yòókù. Ẹni tó bá gbà pé òun ń ṣàìsàn, tí kò gba èébú gbọ́, òun ló ń ṣe dáadáa jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá òwe jà.

Àdúrà àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ ń gba ilé àdúrà tàbí ilé ààfáà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn, ibo ni kó kọ́kọ́ lọ bí kò ṣe ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí? Ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń rí ẹni tó bá wọn jí lóru.

Ṣùgbọ́n ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Abújá. Wọ́n rí èèyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn fún oṣù tàbí ọdún, ní ilé oníṣègùn, ní ilé ìjọsìn, àti ní ibi tó jẹ́ ti ìjọba pẹ̀lú. Ẹni tó ń jẹun níbi tó ti ń ṣe ìgbẹ́, kí la fẹ́ kó rò nípa ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá yá?

Ọ̀nà mìíràn wà. Gúrèjé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìwádìí kan ní àyíká Ìbàdàn àti Kumasi ní Gánà, tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní 2020. Wọ́n mú kí òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn wòlíì jọ máa tọ́jú aláìsàn. Èèyàn 307 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n jọ tọ́jú yá ju ti àwọn yòókù lọ. Àdúrà kò dúró, oògùn náà kò dúró.

Ìyá, káàdì ATM, àti oògùn tí wọ́n dá dúró

Ìyá oníṣẹ́ iná, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣì ń tọ́jú káàdì ATM ọmọ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn le, ọmọ náà fi owó ọdún kan ta àwọn àjèjì lọ́rẹ ní ibùdókọ̀ Cele. Láti ìgbà náà ni káàdì ti wà nínú àpò ìyá. Ọmọ ń fẹ́ ẹ padà. Ìyá ń bẹ̀rù. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù. Mi ò lè sọ pé ìyá ṣe burúkú. Mi ò sì lè sọ pé ọmọ ń dààmú rẹ̀.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni pé ọmọ náà ti dá oògùn dúró rí. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni òun ń rẹ́rìn-ín ni, àbí oògùn. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn dókítà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó bá dá oògùn dúró lójijì ni àìsàn máa ń padà bá, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún òun náà. Nígbà tó padà bọ̀ sípò, dókítà tuntun kan bá a jókòó, ó dín oògùn tó ń mú un wúwo kù, ó sì fi òmíràn rọ́pò. Kò bá a jà. Láti ìgbà náà ló ti ń lò ó. Ó ní òun ni òun yàn án báyìí.

Àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Dókítà àìsàn ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí òkè òkun. Ará Ìsọlọ̀ ṣì ríbi lọ: ilé ìwòsàn Yábàá, tí wọ́n ṣí ní 1907, kò jìnnà, ó sì ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba ní Òṣòdì. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, owó oògùn, àti ọjọ́ iṣẹ́ tó lọ sí orí ìlà, ìdílé ló ń ru ú.

Òfin tuntun, ìpàdé ẹ̀sítéètì

Títí di àìpẹ́ yìí, òfin tí Nàìjíríà ń lò fún ọ̀rọ̀ yìí ni ti 1958, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916 lábẹ́ àwọn òyìnbó. Wèrè ni òfin yẹn ń pe èèyàn, ibi tí wọ́n máa tì í mọ́ ló sì jẹ ẹ́ lógún jù. Ní oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara rẹ̀, kò sì gbà kí wọ́n tìtorí àìsàn náà fi ilé tàbí iṣẹ́ du èèyàn.

Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè pàṣẹ fún ìyàwó ilé kan pé kó gbé léèsì fún ẹnì kan. Onílé tó bá fẹ́ lé ayálégbé kò ní sọ pé nítorí àìsàn ni, yóò ní ọmọ òun ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀ ni.

Ohun tí mo rí ní Jákàńdè tó sún mọ́ ìmúṣẹ òfin yẹn jù ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé àwọn olùgbé. Oníṣẹ́ iná náà àti aládùúgbò rẹ̀ kan bá ara wọn jà nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń wọ fèrèsé. Àwọn méjèèjì pariwo, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ sì dé iwájú ìgbìmọ̀. Ìyá rẹ̀ ti múra láti dìde bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wo ti àìsàn ọmọ òun.

Alága kò fún un láyè. Ó gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì, ó ní àwọn méjèèjì jẹ̀bi, wọ́n sì bu owó ìtanràn kan náà lé wọn. Oníṣẹ́ iná náà jiyàn pé owó náà ti pọ̀ jù. Alága ní kó jókòó. Ó jókòó, inú sì ń bí i, kò sí ẹnì kankan nínú ìpàdé náà tó béèrè bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀.